Orí Kẹta: Orúkọ Tí Ọmọ Yóò Jẹ́

Ní ilé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, àìrí orúkọ kọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ. Orúkọ máa ń pọ̀ ju ọmọ lọ. Bàbá àgbà ní tirẹ̀, ìyá àgbà ní tirẹ̀, àwọn àna gbé tiwọn wá láti Òmù-Àrán, ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti òru. Ìjà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akọ̀wé bá ní kí a mú méjì péré wá, tí kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Orí yìí wà fún bàbá àti ìyá tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ tó pé. Kí ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: àmútọ̀runwá, orúkọ ilé, orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀, oríkì, orúkọ ẹ̀sìn. Ìlà kan tàbí méjì lè ṣófo. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí ẹ ó pa á rẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìlà márùn-ún ti pọ̀ jù, ẹ fi orúkọ Olóyè Bísí Àkàndé hàn án. Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí ní 1939, òun sì ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003. Abdulkareem Adébísí Bámidélé Àkàndé ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Abdulkareem jẹ́ orúkọ ẹ̀sìn. Adébísí jẹ́ àbísọ tó ń gbé adé ga. Bámidélé wà lára orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi. Àkàndé ní tirẹ̀, oríkì ọkùnrin ni, ó wá di orúkọ ìdílé. Irú orúkọ mẹ́rin ló wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, ìkan kò sì lé èkejì jáde nílé. Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ yín nìyẹn: kí olúkúlùkù orúkọ mọ àyè rẹ̀, kí ẹ má fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ márùn-ún.

Ìlà kìíní: ohun tí ọmọ gbé wá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí, torí ìlà yìí nìkan ni kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti yàn. Bí ọmọ ṣe wá ló sọ ọ́. Àwọn tó wọ́pọ̀ nìwọ̀nyí:

- Òjó (ọkùnrin) tàbí Àìná (obìnrin): ọmọ tí okùn ìwọ́ wé mọ́ ọrùn rẹ̀.
- Ìgè: ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ṣáájú.
- Àjàyí: ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà tó ń bọ̀.
- Òkè: ọmọ tó bọ́ sáyé nínú àpò omi tí kò tíì bẹ́.
- Dàda: ọmọ tí irun rẹ̀ ta kókó láti inú.
- Ìlọ̀rí: ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìtíì padà rí nǹkan oṣù.
- Ọmọ́pẹ́: ọmọ tó pẹ́ nínú kọjá ìgbà tí a retí.
- Olúgbódi: ọmọ tó ní ìka mẹ́fà.

Ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bímọ sí báyìí, ìyá àgbà kì í sí ní yàrá ìbímọ láti fojú ara rẹ̀ rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí: èwo ló kọ́kọ́ jáde, orí ni tàbí ẹsẹ̀? Ṣé okùn wé e lọ́rùn? Ṣé àpò omi ti bẹ́? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá wọ́n á ka bí ó ṣe jókòó sínú sí àmútọ̀runwá. Ẹ bi wọ́n kí ọjọ́ ìkómọ tó dé, kí ó má di àríyànjiyàn níwájú àlejò.

Ti ìbejì kò ní àríyànjiyàn. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Táíwò, Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Èyí tó bá tẹ̀ lé wọn ni Ìdòwú, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, Àlàbá sì wá tẹ̀ lé Ìdòwú. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Igbómìnà, tí ti Ìlá wà lára wọn, mọ ọwọ́ ère ìbejì débi pé iṣẹ́ wọn wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ ìbejì ṣeré rí. Síbẹ̀, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú Táíwò àti Kẹ́hìndé nìkan. Kíláàsì kan lè ní Táíwò mẹ́rin, àbísọ ni tíṣà máa fi mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Kí ìkọ̀ọ̀kan ní àbísọ tirẹ̀, kí méjèèjì má sì jọra jù. Adébọ̀wálé àti Adébáyọ̀ lè di “Débọ̀” àti “Débá” lẹ́nu ọmọdé, ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìlà kejì: ilé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Igbómìnà, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà wà lára orúkọ ẹni tí ìlú kà sí ọba àkọ́kọ́ tó jẹ́ Ọ̀ràngún. Ìtàn ìlú pè é ní Fágbàmílà, ó tún ń pè é ní Ajagúnnlá. Orúkọ kejì sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ sọ ẹni tí ilé rẹ̀ ń ké pè.

Iwájú orúkọ ni ilé máa ń jókòó sí. Ilé ọba ń sọ Adé. Ilé olóyè ń sọ Oyè àti Ọlá. Ilé awo ń sọ Fá, bíi Fábùnmi àti Fágbèmí. Ilé eléégún ń sọ Ọ̀jẹ́: Ọ̀jẹ́wùmí, Ọ̀jẹ́níyì. Ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ń sọ Ògún tàbí Ọdẹ: Ògúndélé, Ọdẹ́wálé. Ilé onílù ń sọ Àyàn: Àyándélé, Àyántúndé. Oníṣọ̀nà ń sọ Ọnà, bíi Ọnàbánjọ. Adé àti Ọlá ti di ti gbogbo ayé lónìí, ẹnikẹ́ni lè sọ wọ́n fún iyì. Àyàn àti Ọ̀jẹ́ ṣì ń tọ́ka sí ilé tí wọ́n ti wá gan-an.

Ẹ ṣe ìdánwò kan. Ká ní ọmọ yín dé Ìlá lẹ́yìn ogún ọdún, kò mọ ọ̀nà, kò mọ ẹnì kan, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ fún ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo orúkọ tó wà lórí ìwé yín, èwo ni ìyá náà yóò gbọ́ tí yóò fi béèrè pé, “Àbí ọmọ ilé lágbájá ni ọ́?” Bí kò bá sí ọ̀kan, ìlà kejì yín ṣì ṣófo.

Nǹkan kan wà tí àwọn òbí kì í sábà rò. Bí a bá gé orúkọ kúrú, iwájú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Adébùnmi, Fábùnmi, Ọlábùnmi, Olúbùnmi: ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, “Bùnmi” kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀rẹ́. Wálé, Délé, Bísí, Túndé, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ilé tí ẹ fara balẹ̀ fi síwájú ti já sílẹ̀ kí ọmọ tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà dí i. Ọ̀kan ni kí ẹ̀yin fúnra yín máa pè é tán nílé, kí “Fábùnmi” má jẹ́ ti ìwé nìkan. Èkejì ni kí ẹ yan orúkọ tí ilé wà ní inú tàbí ní ìdí rẹ̀, tí gígé kò lè tètè yọ. Gbádébọ̀ di Débọ̀, adé ṣì fojú hàn níbẹ̀. Ọmọ́ladé di Ládé. Abífárìn ń gbé Ifá ní àárín. Irú bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìdílé Ọ̀ràngún ti Òkè-Ìlá, Ọba Adédòkun Ọmọ́níyì Abọ́lárìn: ọlá wà láàárín Abọ́lárìn, kò sí bí ẹnu ṣe lè já a dànù.

Ẹ̀sìn ni ìṣòro tó kù. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya kò fẹ́ kí ọmọ máa jẹ́ Fá tàbí Ọ̀jẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ lè yan àbísọ tí kò dárúkọ òrìṣà kankan: Ọmọ́níyì, Ayọ̀délé, Ìbùkún, Ìwàlẹwà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan orúkọ ìdílé, tí Fá ti wà níwájú rẹ̀ láti ìgbà bàbá ńlá, ẹ dúró ná kí ẹ tó sọ ọ́ di Olú tàbí Jésù. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń jẹ́ ọ̀kan, tí àbúrò ń jẹ́ èkejì, àwọn ọmọ wọn yóò di àjèjì sí ara wọn lórí ìwé. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ pín ilẹ̀ tàbí gba owó tí bàbá fi sílẹ̀ ní báńkì, wọ́n á máa wá ìwé tí wọ́n máa fi jẹ́rìí pé bàbá kan náà ló bí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, kí gbogbo ẹbí jọ yí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlà kẹta: ohun tó ṣẹlẹ̀

Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ ń sọ ìgbà àti ipò tí ọmọ bá ayé. Abíọ́dún ni tí a bí lásìkò ọdún, Abọ́sẹ̀dé ni tó dé pẹ̀lú ọ̀sẹ̀, Abíọ́nà ni tí ọ̀nà gbé mú ìyá rẹ̀. Ẹni tí a bí sókè òkun ni Tòkunbọ̀. Ẹkúndayọ̀ àti Rẹ̀mílẹ́kún wá lẹ́yìn ọ̀fọ̀.

Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ nílò ìṣọ́ra díẹ̀. Ikú àgbà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbí ọmọ. Bí bàbá bàbá ṣì wà láàyè, tó jẹ́ pé bàbá ìyá ló kú, ẹ lọ sọ fún bàbá tó wà láàyè kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní Babátúndé níwájú rẹ̀. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá sì ti ń jẹ́ ẹ, ẹ fi tó ẹ̀gbọ́n létí. Kò sí òfin tó ní kí bàbá má padà wá sí ilé méjì, àìsọ fúnni ló ń bínú ẹni.

Ẹ má fi orúkọ ọmọ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyàwó tí wọ́n ti pẹ́ ń bú ní àgàn lè fẹ́ fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́gàn. Àwọn ẹlẹ́gàn yóò kú, ìjà yóò tán, ọmọ tí kò mọ ìdí ìjà ni yóò máa ru ú kiri títí dé ibi iṣẹ́. Ẹ dúpẹ́ nínú orúkọ, kí ẹ fi èsì sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ti àbíkú náà ń bẹ. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn, ilé tí ọmọ ti ń kú ló ń sọ wọ́n. A ti mọ̀ báyìí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló wà nídìí púpọ̀ nínú ikú tí a máa ń kà sí àbíkú. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sin ọmọ rí, kí bàbá àti ìyá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n yẹ ti ọmọ tuntun náà wò. Lẹ́yìn èyí, bí ọkàn yín bá ṣì fẹ́ orúkọ ẹ̀bẹ̀, ẹ mú èyí tí ọmọ lè gbé dàgbà láìtijú. Dúrójayé àti Rótìmí dára lẹ́nu. Àkísàátán yóò fa ìbéèrè lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Ìlà kẹrin: oríkì

Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àyìndé, Àdìó, Àkànbí fún ọkùnrin. Àníkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùnní, Àjọkẹ́, Àwẹ̀ró fún obìnrin. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ fi ìlà yìí sílẹ̀ fún ìyá àgbà, kódà bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tí ẹ fi sílẹ̀ fún un nìyẹn. Òun ló máa fi tu ọmọ nínú, òun ló máa so ó mọ́ oríkì orílẹ̀ yín nígbà tó bá ń kì í. Ìyá tó bá ní ohùn nínú oríkì kì í sábà jà lórí ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Oríkì kò nílò láti wọ ìwé. Àgbà ló ń pe ọmọdé ní oríkì rẹ̀, kò yẹ kí òṣìṣẹ́ báńkì máa pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí Àkàndé: oríkì bàbá lè di orúkọ ìdílé lẹ́yìn ìran méjì, ẹ yan èyí tó dùn ún gbọ́.

Ìlà karùn-ún: ẹ̀sìn

Ní agbègbè wa, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń pàdé nínú ilé kan náà. Bí bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá sì jẹ́ Kristẹni, orúkọ wà tí méjèèjì lè gbà láìfajúro. Maryam àti Mary, Yusuf àti Joseph, Ibrahim àti Abraham, Musa àti Moses, Sulaiman àti Solomon: ẹnì kan náà ni Kùránì àti Bíbélì ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ẹ yan ọ̀nà kan láti máa kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ bi alùfáà tàbí pásítọ̀ ní ìtumọ̀ orúkọ kí ẹ tó gbà á. Òbí kan lè gbọ́ orúkọ nínú fíìmù kó sì dùn mọ́ ọn, kí ó tó mọ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá ohun tí òun gbàgbọ́ mu.

Ta ló ní ohùn?

Ẹ pe àwọn wọ̀nyí kí ọjọ́ kẹta ìbí tó kọjá: olórí ẹbí bàbá, bàbá àti ìyá ọkọ, bàbá àti ìyá ìyàwó. Ẹ bi ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, bí ọmọ kò bá tíì délẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Àgbà tó rí i pé wọ́n kọ orúkọ tí òun sọ ti mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun.

Àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ ní àyè tiwọn ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n á sọ owó sínú abọ́, wọ́n á dárúkọ tí wọ́n fẹ́ máa pe ọmọ. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ tẹ̀rín-tọ̀yàyà, kí akọ̀wé kọ ọ́. Ẹni tó sọ owó sínú abọ́ ti ní ẹ̀tọ́ láti fún ọmọ lórúkọ. Kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí orúkọ náà wọ ìwé ìjọba.

Ẹ ro ti ìyá ọmọ pẹ̀lú. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ ní orúkọ gan-an. Bí ẹ bá wá sọ ọmọ ní orúkọ bàbá ọkọ, ẹ ti gba orúkọ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀. “Bàbá” tàbí “Bàbá kékeré” ni yóò máa pè é. Bí èyí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò burú. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ fi orúkọ bàbá àgbà sí ipò kejì, kí ìyá ní orúkọ tí òun lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ tí òun bí.

Ọjọ́ wo, báwo la ṣe ń kà á?

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì tó jẹ́ akọ àti abo. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wọn ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọjọ́ ìbí fúnra rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Bí alùfáà bá ní ọjọ́ keje lòun mọ̀, ẹ bi í bóyá ó yọ ọjọ́ ìbí kúrò. Bó bá yọ ọ́, Ajé kan náà ló ń sọ, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ti omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare, epo àti ẹja, kò sí ilé tí kò ní ẹni tó mọ àdúrà wọn, a kò ní í fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn kan péré: kí a má ṣe fi oyin, iyọ̀ tàbí ataare kan ọmọ lẹ́nu. Àwọn dókítà kìlọ̀ pé oyin lè ṣe ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní jàǹbá, ọmú nìkan ni wọ́n sì ní kó mu fún oṣù mẹ́fà. Kí ìyá àti àwọn àgbà tọ́ ọ wò lórúkọ rẹ̀. Àdúrà náà yóò gbà.

Ìwé

Orúkọ mẹ́wàá lè wà lẹ́nu, mẹ́ta ni yóò wọ ìwé. Fọ́ọ̀mù nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN, ní àyè fún orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ àárín. Ẹ yan mẹ́ta yìí nígbà tí orí yín pé, kí ẹ má dúró de iwájú akọ̀wé.

Ẹ má jẹ́ kí ilé ìwòsàn kán yín lójú. Abala karùn-ún Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ, ó sì gbà kí a sọ ọ́ lọ́jọ́ ìbí tàbí lọ́jọ́ mìíràn tí àṣà àwọn òbí rẹ̀ bá là sílẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ yín bá òfin mu. Kí wọ́n kọ “Baby” àti orúkọ ìdílé sórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ná, kí ẹ padà lọ fi orúkọ sí i lẹ́yìn ìkómọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn tí gbogbo ayé ń pè ní NPC lọ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá bí ẹ bá wà ní Ìlá, tàbí Ìfẹ́dayọ̀ bí ẹ bá wà ní Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí oṣù kejì kọjá. Ẹ kọ orúkọ sórí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà, ẹ fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi etí gbọ́ “Ṣeun” lè kọ Seun tàbí Sheun. Kí ẹ tó kúrò lórí ìjókòó, ẹ ka ìwé náà lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ níbẹ̀ ni kí ó rí nílé ẹ̀kọ́, nínú NIN àti ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Láti 2021, JAMB kì í forúkọ ọmọ sílẹ̀ láìsí NIN. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì yóò máa sáré lọ búra ní kóòtù, yóò máa sanwó ìkéde nínú ìwé ìròyìn, ní ọdún tó yẹ kó máa kàwé.

Ìwé ìjọba kì í gbé àmì ohùn. “Ojo” orí ìwé lè jẹ́ Òjó, ó lè jẹ́ òjò. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì níbi kan nílé. Bí ohùn orúkọ kan kò bá dá yín lójú, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá ṣe wà, àkójọ YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlá tó wà lókè òkun, ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà. Ní ilẹ̀ England, ọjọ́ 42 ni òfin fún yín láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ ó ti kó ọmọ jáde tán kó tó pé. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn sábà máa ń gba orúkọ kí ẹ tó lọ sílé. Nítorí náà, ẹ pe àwọn àgbà lórí fóònù ní oṣù tó kẹ́yìn oyún, kí orúkọ ìwé ti wà nílẹ̀. Oríkì àti àmútọ̀runwá lè dúró de ọjọ́ kẹjọ, wọn kò ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dúró dè.

Àpẹẹrẹ

Ká ní a bí ọmọbìnrin kan ní Ìlá ní ọjọ́ Ẹtì. Ìwọ́ wé e lọ́rùn. Ilé adé ni bàbá rẹ̀ ti wá, Mùsùlùmí ni. Ọmọ Ọ̀rà ni ìyá rẹ̀, Kristẹni ni. Bàbá ìyá rẹ̀ kú ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo ilé ṣì wà nínú ọ̀fọ̀.

Àmútọ̀runwá: Àìná. Ilé: Ọmọ́ladé, torí bí wọ́n bá gé e, Ládé ni yóò kù. Ìṣẹ̀lẹ̀: Ẹkúndayọ̀, ìyá ìyàwó ló sọ ọ́. Oríkì: Àníkẹ́, ìyá ọkọ ló sọ ọ́. Ẹ̀sìn: Maryam. Lórí ìwé, orúkọ ìdílé bàbá, Ọmọ́ladé, Maryam. Ní Ọ̀rà, Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá bàbá rẹ̀ ń pè é ní Àníkẹ́ bó bá jí láàárọ̀. Ìkómọ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀, kí àwọn tó ń lọ kí Jímọ́ọ̀ lè tètè lọ.

Kí ẹ tó fi gègé kọ ọ́

1. Ẹ pe orúkọ náà sókè láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń pe ọmọ wálé láti orí pápá. Bó bá gùn ju èémí kan lọ, wọn yóò gé e; ẹ mọ ohun tí yóò kù.
2. Ẹ gé e fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá ó di ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.
3. Ẹ pe lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ó má di ọ̀rọ̀ tí kò dára.
4. Ẹ bi ara yín bóyá ọmọ ọdún 50 lè jẹ́ orúkọ náà lórí àga adájọ́.
5. Ẹ fi ìdánwò ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wò ó.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti já gaara, ẹ ra ìwé kan tó ní ẹ̀yìn líle, kí ó jẹ́ ti ẹbí. Ẹ kọ gbogbo orúkọ sí i, ti ìwé àti ti ẹnu, pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ìdí tó fi sọ ọ́, ọjọ́ tí a kó ọmọ jáde àti iye tó sọ sínú abọ́. Bí àbúrò ọmọ náà bá dé, ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ ṣí.